Dókítà Tí Kò Fi Àrùn Ilé Rẹ̀ Pamọ́

Àwọn àgbà a máa wí pé, gbogbo aṣọ kọ́ ni a ń sá lóòrùn. Ọ̀rọ̀ ọgbọ́n ni, nítorí pé ilé tí gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ bá ń di ọ̀rọ̀ ìta kì í pẹ́ tú. Ṣùgbọ́n bí òwe yìí ti dára tó nínú ọ̀ràn ìjà tọkọtaya àti ọ̀ràn gbèsè, ibì kan wà tí ó ti ń di ewu fún ẹni tí ó bá gbá a mú ju bí ó ti yẹ lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀ràn àrùn. Aṣọ tí ó tutù, tí a sì ká sínú àpótí nítorí pé a kò fẹ́ kí aládùúgbò rí àbàwọ́n ara rẹ̀, yóò bu níbẹ̀, yóò sì kó bá àwọn aṣọ mìíràn tí ó wà nínú àpótí náà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àrùn tí a fi pamọ́ ṣe máa ń ṣe nínú ilé, nínú àdúgbò, àti ní gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ òǹkàwé mi, ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ wa tí ó mọ òwe yìí dáradára, tí ó sì mọ ibi tí agbára òwe náà mọ. Orúkọ rẹ̀ ni Dókítà Olíkóyè Ransome-Kuti. Ọ̀pọ̀ nínú yín ti gbọ́ orúkọ ìyá rẹ̀, ọ̀pọ̀ sì ti gbọ́ orin àbúrò rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ṣeé ṣe kí ẹ má mọ̀ ju orúkọ lọ nípa òun fúnra rẹ̀. Èrò mi nínú àròkọ yìí ni pé, nínú gbogbo ohun rere tí dókítà yìí ṣe, èyí tí ó ga jù lọ kò ní abẹ́rẹ́ nínú, kò sì ní oògùn nínú. Òtítọ́ kan ṣoṣo ni, tí ó sọ ní ọjọ́ tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ní ilé rẹ̀.

Bí olùkọ́ bá ní kí ẹ kọ àròkọ lórí dókítà ńlá, mo mọ ohun tí ọ̀pọ̀ nínú yín yóò kọ. Ẹ ó kọ̀wé nípa ẹni tí ó wọ aṣọ funfun, tí ó dúró ní ilé ìwòsàn alájà mẹ́rin, tí ó ń fi ọ̀bẹ la inú aláìsàn tí ó sì ń gbà á lọ́wọ́ ikú. Irú dókítà bẹ́ẹ̀ yẹ fún ọ̀wọ̀, èmi kò sì ní bu ọlá rẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n bi yín ní ìbéèrè kan: ẹni tí ó fa ọmọ yọ nínú kànga àti ẹni tí ó fi ìdérí bo kànga kí ọmọ má baà jìn sí i, ta ni ó ṣiṣẹ́ jù? Ẹni àkọ́kọ́ ni gbogbo ènìyàn yóò gbé ìlù fún. Ẹnìkejì kò ní olùyìn, nítorí pé ọmọ tí kò jìn sí kànga kò mọ̀ pé ẹnì kan gba òun là. Ẹnìkejì yìí ni Olíkóyè Ransome-Kuti fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ jẹ́.

Ìlú Ìjẹ̀bú-Òde ni a ti bí i, ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 1927. Bàbá rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun Ransome-Kuti, ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ìlú náà nígbà náà. Ní ọdún 1932 ni ó lọ di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ti Abẹ́òkúta, níbi tí Olíkóyè ti kàwé. Bàbá yìí kan náà ni ààrẹ àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà ní. Ìyá rẹ̀, Fúnmiláyọ̀, ni ó kó àwọn obìnrin Ẹ̀gbá jọ láàárín ọdún 1947 sí 1949 láti kọ owó-orí tí a ń gbà lọ́wọ́ àwọn obìnrin láìfi ti ipò wọn ṣe. Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ọmọ tí ó bá dàgbà lábẹ́ bàbá tí kò fẹ́ ọ̀lẹ, àti ìyá tí kò bẹ̀rù láti sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí níwájú ọba àti òyìnbó, ibi tí yóò ti kọ́ láti pa ẹnu mọ́ nígbà tí ó yẹ kí ó sọ̀rọ̀ kò wọ́pọ̀.

Ní ọdún 1948 ó kọjá sí ìlú Dublin ní ilẹ̀ Ireland láti kọ́ iṣẹ́ ìṣègùn ní Trinity College, ó sì parí ẹ̀kọ́ náà ní ọdún 1954. Lẹ́yìn èyí ó yan ìtọ́jú àwọn ọmọdé ní àyànláàyò. Nígbà tí ó padà wá sílé, ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn ìjọba ní Èkó, ó sì di olùkọ́ ní Yunifásítì Èkó ní ọdún 1967, níbi tí ó ti di olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ọmọdé àti ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tí ó ní irú ìwé ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ní àkókò náà ìbá lè ṣí ilé ìwòsàn tirẹ̀, kí ó sì máa tọ́jú ọmọ àwọn olówó nìkan. Kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí dókítà àwọn ọmọdé ń rí lójoojúmọ́. Ìyá kan gbé ọmọ rẹ̀ dé pẹ̀lú igbe. Ìgbẹ́ gbuuru ti gbẹ ọmọ náà bí ewé tí ọyẹ́ mú. Ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, ètè rẹ̀ ti là, bí ó sì ti ń sunkún, omijé kò jáde lójú rẹ̀. Dókítà sáré fi omi sí i lára, ọmọ sì tajú. Ìyá kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, ó pọn ọmọ lọ sílé. Kò pẹ́ púpọ̀, ó tún gbé ọmọ kan náà padà dé pẹ̀lú àìsàn kan náà, nítorí pé omi kan náà ni wọ́n ń mu nílé, ìgò kan náà tí a kò fọ̀ mọ́ ni wọ́n fi ń fún ọmọ ní wàrà. Ẹni tí ó bá ń nu omi ilẹ̀ nígbà tí òrùlé ń jò, tí kò gun òkè lọ dí ihò náà, yóò nu ilẹ̀ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú mọ́ ọn lórí.

Ohun tí Olíkóyè yàn láti ṣe ni kí ó gun orí òrùlé. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ìgbẹ́ náà fúnra rẹ̀ ni ó ń pa ọmọ, bí kò ṣe omi àti iyọ̀ ara tí ó ń bá ìgbẹ́ náà jáde. Ọ̀pọ̀ ìyá rò pé bí àwọn bá fi omi du ọmọ, ìgbẹ́ yóò dá. Wọn kò mọ̀ pé òùngbẹ ni àwọn fi ń pa á. Nítorí náà, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ìyá láti po omi mímọ́, iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà pọ̀ nílé, kí wọ́n sì máa fún ọmọ mu ú díẹ̀díẹ̀. Ṣúgà ni ó ń ṣí ọ̀nà fún iyọ̀ nínú ìfun, iyọ̀ ni ó sì ń fa omi wọ inú ara. Ìwọ̀n rẹ̀ ṣe pàtàkì, nítorí pé iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ léṣe; ìdí nìyí tí a fi ń bèèrè lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kí a tó po ó. Lóde òní a ti ń rí èyí tí a ti wọ̀n sínú àpò kékeré fún wa, a sì ń fi oògùn zinc kún un. Ẹ wo bí ohun ńlá ti kéré tó! Iyọ̀ tí ó wà nínú ilé ìdáná gbogbo wa, ṣúgà tí a ń fi sínú ẹ̀kọ, àti omi tí a ti sè, ni ó dúró láàárín ọmọ kékeré àti sàréè.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ṣe lórí ọmú ìyá. Ó ń kìlọ̀ pé ọmú nìkan ti tó ọmọ tuntun, ó mọ́, kò ní owó lórí, ó sì ní ohun tí ń ja àrùn nínú, èyí tí wàrà inú agolo kò ní. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó sì ṣe lórí abẹ́rẹ́ àjẹsára, tí ń dènà èèyi, ikọ́ àhúbì, ikọ́ ife, àti àrùn tí ń rọ ọmọ lápá rọ ọmọ lẹ́sẹ̀. Ó gbà pé kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ìlera ni ó gbọ́dọ̀ dúró de dókítà. Nọ́ọ̀sì tí a kọ́ dáradára, àti ọmọ abúlé tí a kọ́ ní ìwọ̀nba ohun tí ó yẹ, lè gba ẹ̀mí là kí dókítà tó dé, pàápàá ní ibi tí dókítà kò ní dé láéláé.

Ní ọdún 1978, àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè púpọ̀ pé jọ ní ìlú Alma-Ata, tí ó wà lábẹ́ ìjọba Soviet nígbà náà, tí ó sì wà ní ilẹ̀ Kazakhstan lónìí. Wọ́n fi ohùn kan sọ pé ètò ìlera alábọ́dé ni ọ̀nà tí ìlera yóò fi dé ọ̀dọ̀ gbogbo ènìyàn, ìyẹn ni pé kí ìtọ́jú sún mọ́ ilé aláìsàn, kí owó rẹ̀ má wọ́n, kí ìdènà àrùn sì ṣáájú ìwòsàn. Ohun tí Olíkóyè ti gbà gbọ́ ni. Nígbà tí a fi í ṣe mínísítà ètò ìlera ní ọdún 1985, ó rí àyè láti fi ṣe ti gbogbo Nàìjíríà. Ó kọ́kọ́ yan ìjọba ìbílẹ̀ 52 láti fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ní ọdún 1988 ni a gbé ìlànà ètò ìlera orílẹ̀-èdè jáde. Ní ọdún 1992 sì ni a dá àjọ ìjọba tí ń bójú tó ìlera alábọ́dé sílẹ̀, àjọ náà sì wà títí di òní. Bí ẹ bá rí ilé ìlera kékeré ní àdúgbò yín, níbi tí àwọn ìyá ti ń tò pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn wọn láti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ipasẹ̀ ọkùnrin yìí ni ẹ ń wò.

N kò fẹ́ kí ẹ rò pé gbogbo ènìyàn ni ó yìn ín. Òǹkọ̀wé tí ó bá ń sọ nípa ènìyàn rere, tí ó sì fi ohun tí àwọn mìíràn bá a wí pamọ́, ti ṣe irú ohun tí mo ń sọ pé kò dára yìí. Àwọn kan bi í léèrè pé, báwo ni ó ṣe lè jókòó pẹ̀lú ìjọba ológun, nígbà tí ó jẹ́ pé àwọn ọmọ ogun ni ó ya wọ ilé àbúrò rẹ̀ ní oṣù Kejì ọdún 1977, tí wọ́n sì ṣe ìyá wọn léṣe, tí ìyá náà sì kú ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e? Àwọn mìíràn sọ pé nígbà tí a ń náwó sí àwọn ilé ìlera kékeré, àwọn ilé ìwòsàn ńlá ń di ahoro, àwọn dókítà wọn sì ń sá lọ sí òkè òkun. Ìbéèrè tí ó wúwo ni àwọn wọ̀nyí, èmi kò sì lè sọ pé asán ni wọ́n. Ohun tí mo lè sọ ni pé ọmọ tí ìgbẹ́ gbuuru ń pa kò bèèrè irú ìjọba tí ó wà lórí oyè kí ó tó kú. Ẹni tí ó mọ ohun tí yóò gba ọmọ náà là, tí a sì fún ní àyè láti ṣe é, ní ohun tí ó wúwo láti gbé lórí ọkàn rẹ̀ ní ọ̀nà méjèèjì, ìbáà gbà, ìbáà kọ̀.

Wàyí o, a dé ibi tí mo ń lọ. Olíkóyè kì í ṣe dókítà nìkan. Ọkọ ni, bàbá ni, ẹ̀gbọ́n sì ni. Òun àti ìyàwó rẹ̀ bí ọmọ mẹ́ta. Ó ní àwọn àbúrò ọkùnrin méjì. Ọ̀kan di dókítà bí i tirẹ̀, tí ó sì tún jẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn. Èkejì ni Fẹlá, olórin tí òkìkí rẹ̀ kàn dé gbogbo ayé. Bí ẹnì kan bá fẹ́ wá ọmọ ìyá méjì tí ìwà wọn jìnnà síra, àwọn wọ̀nyí ni ìbá mú. Olíkóyè jẹ́ ọmọlúwàbí onísùúrù tí ń fi ìṣirò àti ètò ṣiṣẹ́. Fẹlá jẹ́ ẹni tí kò gba ìjánu lẹ́nu. Ó fi orin bú àwọn ológun, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n, ó sì gbé obìnrin mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n níyàwó ní ọjọ́ kan ṣoṣo ní ọdún 1978. Síbẹ̀síbẹ̀, omi kò ṣeé fi ọ̀bẹ gé. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n.

Ní ọdún 1986, nígbà tí Olíkóyè wà ní ipò mínísítà, ni a kọ́kọ́ kéde ní Nàìjíríà pé a ti rí ẹni tí ó ní àrùn AIDS, èyí tí ọ̀pọ̀ Yorùbá ń pè ní éèdì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gbà á gbọ́. Àwọn kan ní àrùn òyìnbó ni. Àwọn kan ní ẹ̀tàn ni, kí àwọn ènìyàn má baà bímọ mọ́. Àwọn kan ní àṣàsí ni. Ẹni tí ó bá sì kó o, inú ìyẹ̀wù ni wọ́n ń fi í pamọ́ sí. Nígbà tí ó bá kú, wọn yóò sọ pé ibà ni, tàbí pé àwọn ọ̀tá ni ó wá nǹkan ṣe sí i. Bí ó bá sì jẹ́ pé ibà ni ó pa á, kí ni ìyàwó rẹ̀ yóò lọ yẹ̀ wò nílé ìwòsàn? Kí ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ yóò ṣọ́ra fún? Báyìí ni irọ́ ẹbí kan ṣe ń di ikú ẹbí mìíràn.

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1997, Fẹlá kú ní Èkó. Ní ọjọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dúró níwájú àwọn oníròyìn. Ìrọ̀rùn ni ì bá jẹ́ fún un láti sọ pé àìsàn ránpẹ́ ni. Kò sí ẹni tí yóò bi í pé kí ni ó rí. Èrò tí ó fẹ́ràn Fẹlá pọ̀ lọ bí eṣú; ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ ni pé akọni wọn ṣubú lójú ogun. Ṣùgbọ́n Olíkóyè sọ fún gbogbo ayé pé àrùn éèdì ni ó ṣe okùnfà ikú àbúrò òun. Ẹnu ya ìlú. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn tí ó ti ń fi àrùn yìí ṣe yẹ̀yẹ́ ti mọ̀ pé kì í ṣe àlọ́, nítorí pé ó ti pa ẹni tí wọ́n mọ̀, ẹni tí orin rẹ̀ wà lẹ́nu wọn. Àìsàn tí ó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ni ó ń ṣe.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò takò mí. Wọn yóò ní, ‘Ṣé ó yẹ kí ẹ̀gbọ́n tú àṣírí òkú àbúrò rẹ̀? Ṣé dókítà kọ́ ni ó búra pé òun kì yóò sọ àṣírí aláìsàn?’ Ìbéèrè gidi ni, a kò sì gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn. Èsì mi ni pé àṣírí yàtọ̀ sí irọ́, àṣírí tèmi sì yàtọ̀ sí àṣírí ẹlòmíràn. Bí o bá mọ̀ pé ọmọ kíláàsì rẹ ní àrùn kan, tí o sì lọ ń sọ ọ́ kiri lábẹ́ igi níbi tí ẹ ti ń ṣeré, kì í ṣe òtítọ́ ni o ń sọ. Òfófó ni o ń ṣe, ìkà sì ni ọ́. Aláìsàn ni ó ni àìsàn rẹ̀, òun ni ó sì ní àṣẹ láti sọ ọ́ tàbí láti pa á mọ́. Dókítà tí ó bá ń ròyìn àwọn tí ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀ kò yẹ ní ẹni tí a ń pè ní dókítà.

Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe ilé ẹlòmíràn ni Olíkóyè ṣí aṣọ lójú. Ilé ti ara rẹ̀ ni. Ẹ̀gbọ́n ni, ọ̀fọ̀ rẹ̀ ni, orúkọ tí yóò gba ẹ̀gàn sì ni orúkọ tí òun àti àwọn ọmọ rẹ̀ ń jẹ́. Bí ó bá dákẹ́, òun ni yóò jẹ èrè ìdákẹ́ náà. Bí ó bá sọ̀rọ̀, òun ni yóò ru ẹrù ọ̀rọ̀ náà, tí àwọn mìíràn yóò sì jẹ èrè rẹ̀. Lójú tèmi, ìwọ̀n tí a fi ń mọ ẹni tí ó sọ òtítọ́ nítorí ìfẹ́ nìyẹn: ta ni ó san owó rẹ̀? Òtítọ́ dé ọjà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ọkùnrin yìí gbé òtítọ́ lọ sí ọjà, ó sì mọ̀ pé kò ní tà.

Mo tún ní ìdí kejì. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ó ti ń sọ fún àwọn ìyá tálákà pé kí wọ́n má fi àìsàn ọmọ wọn pamọ́, kí wọ́n tètè gbé e wá, kí wọ́n má tijú. Bí ó bá wá fi ti ilé tirẹ̀ pamọ́, gbogbo ohun tí ó ti ń wí láti ìgbà pípẹ́ wá yóò di ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Àwọn ènìyàn ìbá ní ẹ̀kọ́ náà wà fún tálákà, kò sí fún ẹbí ńlá. Ẹni tí yóò bá wo ìlú sàn gbọ́dọ̀ jẹ́ kí ilé rẹ̀ wà lára ìlú náà.

Lónìí, ọ̀ràn àrùn éèdì ti yàtọ̀ sí ti ọdún 1997. Oògùn ti wà tí ń tẹ kòkòrò rẹ̀ mọ́lẹ̀ nínú ara. Ẹni tí ó bá tètè mọ̀ pé òun ní in, tí ó sì ń lo oògùn rẹ̀ lójoojúmọ́ láìfòyà, lè pẹ́ láyé bí ẹlòmíràn, kí ó ṣiṣẹ́, kí ó gbéyàwó, kí ó sì bí ọmọ tí kò ní àrùn náà. Bí oògùn bá ti tẹ kòkòrò náà lọ sílẹ̀ débi pé àyẹ̀wò kò lè rí i mọ́, kò lè ran olólùfẹ́ rẹ̀. Ohun kan ni kò tíì ní oògùn: ìtìjú. Ìtìjú ni kò jẹ́ kí àwọn ènìyàn lọ ṣe àyẹ̀wò. Ìtìjú ni ó ń mú kí wọ́n da oògùn sí ilẹ̀ nítorí kí aládùúgbò má baà rí agolo rẹ̀. Ẹni tí ó bá sì dín ìtìjú náà kù, bí ó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀, ti ṣe iṣẹ́ dókítà, ìbáà má ní ìwé ẹ̀rí kankan.

Ẹ̀kọ́ kan ṣì wà nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ó kúrò ní ipò mínísítà. Iye àwọn ọmọ tí ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára tún lọ sílẹ̀ ní àwọn ọdún 1990, ó sì di ọjọ́ 25 oṣù Kẹjọ ọdún 2020 kí a tó lè kéde pé kòkòrò àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ àbáláyé ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní Áfíríkà. Èyí fi hàn pé iṣẹ́ ìdènà kò dà bí ilé tí a kọ́ parí. Oko ni, bí a kò bá ro ó ní ọdún kan, igbó yóò gbà á.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ẹ má rò pé ìtàn yìí wà fún àwọn tí yóò di dókítà nìkan. Ní ilé yín lọ́hùn-ún, àbúrò yín kan lè ní ìgbẹ́ gbuuru lálẹ́ òní. Ẹ kò nílò ìwé ẹ̀rí láti Dublin kí ẹ tó mọ̀ pé kí a má fi omi du ọmọ náà, kí a sì tètè gbé e lọ bá nọ́ọ̀sì. Bàbá àgbà kan lè ti máa wúkọ́ fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, kí gbogbo ilé sì máa pè é ní òtútù nítorí pé wọn kò fẹ́ gbọ́ orúkọ ikọ́ ife. Bẹ́ẹ̀ ikọ́ ife ṣeé wò sàn, ọ̀fẹ́ sì ni oògùn rẹ̀ ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba. Ẹ̀gbọ́n yín kan lè ti dákẹ́ jù, kí oúnjẹ àti oorun ti kọ̀ ọ́, kí àwọn ará ilé sì máa fi í pamọ́ fún àlejò. Nínú gbogbo èyí, ọmọ tí ó bá fi ọ̀wọ̀ kúnlẹ̀ tàbí dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí rẹ̀, tí ó wí pé, ‘Bàbá mi, ìyá mi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn,’ kò tú àṣírí ilé. Ó tún ilé ṣe ni.

Dókítà Olíkóyè Ransome-Kuti kú ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹfà ọdún 2003, ní ẹni ọdún 75. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó gbà là kò mọ orúkọ rẹ̀. Wọ́n wà ní ọjà, wọ́n wà ní oko, wọ́n wà nínú kíláàsì. Àwọn ọmọ wọn sì lè wà lára ẹ̀yin tí ń ka ìwé yìí. Wọ́n mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà ní kékeré, wọ́n gba abẹ́rẹ́ lápá, wọ́n sunkún díẹ̀, wọ́n sì dàgbà. Èmi kò mọ irú ọ̀nà mìíràn tí ènìyàn lè gbà di ẹni ńlá jù bẹ́ẹ̀ lọ. Gbogbo aṣọ kọ́ ni a ń sá lóòrùn, lóòótọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tí ó bá tutù, ẹ jẹ́ kí a sá a, kí oòrùn lè pa ohun tí ó wà lára rẹ̀ kí ó tó pa wá.